Ta ló ti ẹnu agbo mọ́ Abhimanyu?

Ọmọ ọdún 16 ni. Abhimanyu ni wọ́n ń pè é, ọmọ Arjuna, tafàtafà tí kò lẹ́gbẹ́ nínú Mahabharata, ìtàn ogun ńlá àwọn ará Íńdíà ayé àtijọ́. Ọjọ́ kẹtàlá ogun ló kú, ní pápá Kurukshetra, lágbègbè tó ń jẹ́ Haryana lónìí, ní àríwá ìlú Delhi. Oòrùn ti ń wọ̀ lọ nígbà tí wọ́n la kùmọ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹṣin rẹ̀ ti kú, kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ kò wúlò mọ́, wọ́n ti gé ọrun rẹ̀, idà rẹ̀ ti kán. Ilẹ̀ ló wà, ó ń gbìyànjú àtidìde.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ènìyàn púpọ̀. Gbogbo wọn ló máa ń sáré dé ibi tí ọmọ náà ti ṣe ọkùnrin. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á dárò díẹ̀, ó tán. Èmi fẹ́ tò ó bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú adájọ́: ta ló wà níbẹ̀, ta ló sọ kí ni, ta ló ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo la ní. Sanjaya ni, ìránṣẹ́ Dhritarashtra, ọba afọ́jú tó bí àwọn Kaurava, ọ̀tá tí Abhimanyu ń bá jà. Vyasa, ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ní òun ló kọ Mahabharata, ló là á lójú tó fi ń rí gbogbo ohun tó ń lọ lójú ogun, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún ọba. Ẹ má gbàgbé pé ará ilé ọ̀tá ni ẹlẹ́rìí yìí, àti pé iwájú bàbá àgbà ẹni tó la kùmọ̀ náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

Ogun mọ̀lẹ́bí ni. Pandu àti Dhritarashtra, ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Ọmọ márùn-ún ni ti Pandu: Yudhishthira, Bhima, Arjuna, Nakula àti Sahadeva. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni ti Dhritarashtra, Duryodhana ni àkọ́bí wọn. Ìjọba ni wọ́n ń jà lé lórí. Ikọ̀ ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní akshauhini, 11 ló tẹ̀ lé Duryodhana, 7 ló tẹ̀ lé àwọn Pandava, ìyẹn àwọn ọmọ Pandu. Ẹyọ akshauhini kan ṣoṣo jẹ́ kẹ̀kẹ́ ogun 21,870, erin 21,870, ẹlẹ́ṣin 65,610 àti ẹlẹ́sẹ̀ 109,350. Ọjọ́ 18 péré ni wọ́n fi jà tí ilẹ̀ fi gbófo.

Bhishma ló kọ́kọ́ ṣe balógun fún àwọn Kaurava. Ó ṣubú lọ́jọ́ kẹwàá. Drona ló gba ipò rẹ̀, àgbàlagbà tó kọ́ ìhà méjèèjì ní iṣẹ́ ogun. Òun náà ló kọ́ Arjuna. Ó ṣèlérí fún Duryodhana pé òun á mú Yudhishthira láàyè, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọgbọ́n mú Arjuna kúrò nítòsí. Iṣẹ́ yẹn ni Susharman ọba Trigarta àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà. Wọ́n fi iná búra pé àwọn ò ní padà sílé láìpa Arjuna. Bí wọn ò bá pa á, kó pa wọ́n. Samsaptaka ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ké sí i síhà gúúsù pápá, òun náà kì í sì í kọ ìpè ogun. Lọ́jọ́ kejìlá wọ́n gbìyànjú rẹ̀, Yudhishthira bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, Duryodhana dojú kọ Drona níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i. Ojú ti àgbà. Drona wá búra pé lónìí, akọni ńlá kan nínú àwọn Pandava gbọ́dọ̀ lọ, àti pé òun á to ogun lọ́nà tí òrìṣà pàápàá kò ní lè já a.

Chakravyuha ni orúkọ ohun tó tò: agbo ogun tó rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá dé Halebidu ní ìpínlẹ̀ Karnataka, á rí i lára ògiri tẹ́ńpìlì Hoysaleswara, tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ sára òkúta ṣe é kó yí po bí ìkarahun ìgbín, àwọn ọmọ ogun sì há sáàárín ìlà kan àti èkejì. Téèyàn bá fi ojú tọ ọ̀nà náà láti ẹnu dé inú, ó rọrùn. Kó wá fi ojú kan náà wá ọ̀nà àtijáde, ibẹ̀ ni ojú ti máa ń ṣe bàìbàì.

Arjuna ò sí nílé. Krishna, tó ń darí ẹṣin rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀ níhà gúúsù lọ́hùn-ún. Drona ń bọ̀, àwọn tó lọ pàdé rẹ̀ ń ṣubú. Yudhishthira bá ké sí ọmọ àbúrò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà.

“Ọmọ mi,” Yudhishthira ní, “a ò mọ bí wọ́n ṣe ń já agbo yìí. Ìwọ mọ̀ ọ́n, Arjuna mọ̀ ọ́n, Krishna mọ̀ ọ́n, Pradyumna mọ̀ ọ́n. Ẹni karùn-ún ò sí. Dákun, gbé ohun ìjà rẹ, kí bàbá rẹ má baà bú wa tó bá dé.”

Abhimanyu dá a lóhùn pé, “Bàbá, mo lè wọ̀ ọ́. Bàbá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń já a wọlé. Ṣùgbọ́n tí wàhálà bá dé bá mi nínú ẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde.”

“Ìwọ ṣáà já a, kó o la ẹnu ọ̀nà fún wa. Ibi tó o bá gbà náà la máa gbà. A ó wà lẹ́yìn rẹ, a ó máa ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì.”

Bhima náà dá sí i: “Èmi gan-an á tẹ̀ lé ọ, èmi, Dhrishtadyumna, Satyaki àti àwọn ará Panchala. Tó o bá ti lè fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, àwa la máa parí ìyókù.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ náà kò parọ́. Kò fi ìgbéraga bo ohun tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn kó tó gbéra, ó ní ìdajì ni mo mọ̀. Wọ́n gbọ́. Wọ́n fi ìlérí dí ìdajì kejì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́rin, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìyá bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ orogún ìyá bàbá rẹ̀, ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ dá a dúró. Sumitra ni, ẹni tó ń darí ẹṣin rẹ̀. Bí Abhimanyu ṣe ń kígbe pé “Sáré sí wọn! Sáré sí wọn!”, Sumitra ní: “Ọmọ ọba, ẹrù tí wọ́n gbé lé yín lórí yìí wúwo o. Ẹ rò ó wò kẹ́ ẹ tó jà. Ògbólógbòó ni Drona, inú gẹ̀lẹ̀tẹ̀ lẹ̀yin sì ti dàgbà.” Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni Drona? Ó ní bí Indra bá gun erin rẹ̀ Airavata wá pẹ̀lú gbogbo òrìṣà, òun á bá a jà. Bí Krishna ẹ̀gbọ́n ìyá òun tàbí bàbá òun pàápàá bá dúró lódìkejì, ẹ̀rù ò ní ba òun. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 16 nìyẹn lóòótọ́. Inú Sumitra ò dùn, ṣùgbọ́n ó na ẹṣin. Ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fi wúrà ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́.

Kí n yà bàrá díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ará Íńdíà léèrè ìdí tí Abhimanyu fi mọ àbáwọlé láìmọ àbájáde, wọ́n á sọ fún yín pé inú ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní Arjuna, àwọn mìíràn ní Krishna, ló ń ṣàlàyé agbo náà fún Subhadra nígbà tó lóyún. Ọmọ inú ń gbọ́. Bí àlàyé ṣe fẹ́ dé orí bí wọ́n ṣe ń jáde, oorun gbé Subhadra lọ. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé Sanskrit tí a ń tẹ̀ lé yìí. Ohun tí Abhimanyu sọ níbẹ̀ ni pé bàbá òun kọ́ òun, kò dárúkọ ìyá. Mo sì ń ṣàkíyèsí pé nínú ìtàn tó gbòde yẹn, nínú gbogbo àwọn tó dá ọmọ náà dá agbo, aláboyún tó sùn lọ ni ẹ̀bi wá bá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn. Yudhishthira ta ayò, ó fi ìjọba ta á, wọ́n jẹ ẹ́. Nítorí ẹ̀ ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fi lo ọdún 13 nígbèkùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, Dvaraka, nílé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ni Abhimanyu wà. Ẹ yọ 13 kúrò nínú 16. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, nígbà tó sì rí i padà, ìgbéyàwó ló kàn, wọ́n fẹ́ Uttara ọmọ ọba Virata fún un, ogun sì dé. Ìwé kan náà sọ níbòmíràn pé Arjuna kọ́ ọ ní gbogbo ọnà ọrun, kí ẹ má rò pé mo gbójú fò ó. Ọjọ́ orí àti ẹ̀kọ́ náà kò kàn bára mu ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n wá ibi tí ìdajì ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí, ìdí ayò ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó wo ibùsùn Subhadra.

Ó já agbo. Ìyẹn ò ṣòro fún un rárá. Drona dúró níwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Bhima àti àwọn yòókù ń bọ̀ kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Ìgbà náà ni Jayadratha bọ́ sí ẹnu ihò tí ọmọ náà dá.

Ọba Sindhu ni Jayadratha, ọkọ Dushala, arábìnrin Duryodhana. Gbèsè àtijọ́ wà láàárín òun àti àwọn Pandava. Nígbà tí wọ́n wà nígbèkùn nínú igbó, ó wá gbé Draupadi ìyàwó wọn sá lọ. Wọ́n lé e bá. Bhima fi ọfà fá orí rẹ̀, ó dá irun ṣóńṣó márùn-ún sí i lórí kí gbogbo ayé lè fi í ṣẹ̀sín, ó sì ní kó máa pe ara rẹ̀ lẹ́rú. Yudhishthira ló ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Kò padà sílé. Ó lọ jókòó bẹ òrìṣà Shiva, ó fìyà jẹ ara rẹ̀ títí Shiva fi bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní òun fẹ́ ṣẹ́gun àwọn márààrún. Shiva ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí Arjuna bá yọwọ́, á lè dá àwọn mẹ́rin tó kù dúró lójú ogun fún ọjọ́ kan.

Ọjọ́ kan náà rèé. Ó ta Bhima, ó ta Satyaki, ó ta Yudhishthira, kò sí èyí tó lè kọjá. Agbo padé lẹ́yìn Abhimanyu.

Ohun tó ṣe nínú agbo náà gba ojú ewé púpọ̀ nínú ìwé, àwọn tó fẹ́ràn ogun á gbádùn ẹ̀. Ó ta Shalya títí ojú fi kọ̀ ọ́, ó pa àbúrò rẹ̀. Dushasana, àbúrò Duryodhana, dákú sínú kẹ̀kẹ́ ogun, wọ́n sáré gbé e lọ. Ó pa àbúrò Karna, akọni kan lọ́dọ̀ àwọn Kaurava. Ó pa Lakshmana, ọmọ tí Duryodhana fẹ́ràn jù, lójú bàbá rẹ̀. Ó pa Brihadbala ọba Kosala. Drona ń wò ó, kò lè pa á mọ́ra, ó ní òun ò rí ẹni tó dà bíi ọmọ yìí. Duryodhana ní: ẹ ò rí i, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni, kò fẹ́ pa á ni.

Karna ló wá sún mọ́ Drona pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ó ní ká sọ bí ọ̀rọ̀ yìí á ṣe parí. Ìdáhùn Drona nìyí, nínú gbogbo ọjọ́ náà n kò rí ohun tó tutù tó o. Ó ní ẹ̀wù irin ọmọ náà kò ṣeé gún, torí òun lòun kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Nítorí náà ẹ gé ọrun rẹ̀, ẹ gé okùn rẹ̀, ẹ pa ẹṣin rẹ̀, ẹ pa àwọn tó ń bá a darí kẹ̀kẹ́. Tó bá ti wà láìní kẹ̀kẹ́, ẹ wá kọlù ú. Bí ọrun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá yín ò ká a.

Karna gé ọrun. Kritavarma pa ẹṣin. Kripa pa àwọn tó ń darí kẹ̀kẹ́. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìhà méjèèjì ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin: ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á bá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ jà, ẹnì kan sí ẹnì kan, wọn ò ní pa ẹni tí ohun ìjà rẹ̀ ti bàjẹ́, wọn ò ní pa ẹni tó ń bá ẹlòmíràn jà lọ́wọ́, wọn ò ní fọwọ́ kan awakẹ̀kẹ́. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan nínú wọn tí wọn ò tẹ̀ lójú lọ́sàn-án yẹn. Kí n má purọ́, ọwọ́ ìhà kejì náà ò mọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀yìn Shikhandi, ẹni tí Bhishma ti ní òun ò ní bá jà, ni Arjuna fara pamọ́ sí tó fi ta Bhishma lulẹ̀. Abhimanyu pàápàá pa ẹṣin àti awakẹ̀kẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n. Òfin náà ti ya kó tó di ọjọ́ kẹtàlá.

Ó fa idà àti asà yọ, ó fò sókè. Drona gé idà náà ní ìdí. Karna fọ́ asà rẹ̀. Ọfà ti gún un yíká bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀, aṣọ rẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan nílẹ̀, ó gbé e sókè orí, ó sì ń sáré bọ̀ wá bá Drona. Sanjaya sọ pé ó rí bíi Krishna pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀ tó rí roboto. Nínú agbo tí wọ́n tò bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ta á fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó mú kùmọ̀. Ashwatthama, ọmọ Drona, rí i tó ń bọ̀, ó fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bá mi fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ọmọ Dushasana ló kò ó lójú nígbẹ̀yìn, kùmọ̀ sí kùmọ̀. Ìwé kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, “ọmọ Dushasana” náà ni wọ́n ń pè é ṣáá. Wọ́n la ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú. Ọmọ Dushasana ló kọ́kọ́ dìde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju ìyẹn lọ, pé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le kọ́kọ́ dìde, ó sì fi kùmọ̀ lu ẹni tó ti ń jà láti àárọ̀ lórí bó ṣe ń gbé orí sókè. Sanjaya ní ohùn kan wá láti ojú ọ̀run pé àwọn mẹ́fà, Drona àti Karna ṣáájú wọn, ló pa ẹnì kan, àti pé ìyẹn kì í ṣe ìwà tó tọ́.

Nílé, Yudhishthira ò lè jẹun. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí ẹni tó lè fi kún un: ẹni tó yẹ ká tì síwájú nídìí oúnjẹ, ká tì síwájú tó bá di ká gun ẹṣin, ká tì síwájú nídìí ibùsùn àti ọ̀ṣọ́, ọmọdé náà la tì síwájú nídìí ogun. Ó ní oyin ni òun ń wò, òun ò rí ọ̀gbun. Ó jẹ́wọ́ láìsí ẹni tó bi í.

Arjuna dé lálẹ́. Àtọ̀nà ló ti ń bi Krishna pé kí ló dé tí ọ̀fun òun gbẹ. Ìlù ò dún, fèrè ò dún, akígbe ò kí i. Ojoojúmọ́ ni Abhimanyu àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa ń fẹ̀rín wá pàdé rẹ̀. Ó wọlé, ó rí ẹ̀gbọ́n àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n dorí kodò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ní: “Mo gbọ́ pé Drona to agbo lónìí. Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó lè já a àfi ọmọ náà. Mi ò sì tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ní kó wọ̀ ọ́?” Nígbà tí wọn ò dáhùn, ó bi wọ́n bóyá ọ̀ṣọ́ lásán ni ẹ̀wù irin àti ohun ìjà tó wà lára wọn, bóyá láti máa sọ̀rọ̀ láwùjọ nìkan ni wọ́n ṣe ní ẹnu. Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú.

Yudhishthira wá ṣàlàyé Jayadratha fún un. Arjuna sì búra pé bí òun ò bá pa Jayadratha kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, òun á wọ iná. Ó pa á. Ẹ wò ó pé kò fi ọmọ Dushasana búra, kò fi Karna búra, kò fi Drona búra. Ẹni tó ti ẹnu ọ̀nà ló wá. Èmi gbà pé ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ẹnu ọ̀nà náà ò ní tì, nínú àgọ́ kan náà ló bá wọn sùn.

Oyún wà nínú Uttara. Lẹ́yìn tí ogun parí, Ashwatthama, ẹni tó fò sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, rán ohun ìjà olóró sí oyún náà kí ìran àwọn Pandava lè parẹ́. Òkú ni wọ́n bí ọmọ náà. Krishna ló jí i dìde, wọ́n sì sọ ọ́ ní Parikshit. Ó jọba lẹ́yìn Yudhishthira. Janamejaya ni ọmọ tó bí.

Janamejaya yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo Mahabharata fún, níbi ìrúbọ ejò tó ṣe láti gbẹ̀san bàbá rẹ̀. Vaishampayana, akẹ́kọ̀ọ́ Vyasa, ló ń kà á. Ọba ni Janamejaya nígbà náà, ó ti gbéyàwó, ó jókòó ti iná ẹbọ, wọ́n sì ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 16 kan tó jẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ sí i létí: mo lè wọ̀ ọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde.